Fèrèsé Tí Àǹtí Ìdíátù Fi Aṣọ Dí

Àǹtí Ìdíátù ti kú. Inú yàrá rẹ̀ ní Pápá Àjàó ló kú sí, òun nìkan. Bóyá ó tilẹ̀ pariwo. Ta ni ì bá gbọ́? Ó ti fi aṣọ dí ojú fèrèsé rẹ̀ pa, kí èéfín àwọn tó ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ lẹ́yìn ilé má baà wọlé tọ̀ ọ́.

Ẹ má sọ fún mi pé àkókò ló tó. Àkókò wo?

Télọ̀ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo jẹ́ ayálégbé nínú ilé yẹn, tó bá rí mi tí mò ń lọ síbi iṣẹ́, á ní, "Wá ńbí, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ẹ ti tú." Á bá mi rán an, á sì máa bú mi lọ. Kò sẹ́ni tó ń bú mi báyẹn mọ́. Ó ń dùn mí.

Ó pe ọ̀gá oníbátìrì náà lẹ́jọ́. Èmi ni mo sìn ín lọ. Lọ́yà ní ilé ẹjọ́ máa béèrè ẹ̀rí: kí àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ díwọ̀n èéfín náà, kí wọ́n sì wá jẹ́rìí. Owó tí wọ́n fi ń háyà ẹ̀rọ yẹn nìkan ju ohun tó ń rí lórí aṣọ rírán lọ́dún lọ.

"Ẹ ní kí adájọ́ wá sùn nínú yàrá mi mọ́jú," Àǹtí wí, "á rí ẹ̀rí."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Wọ́n da ẹjọ́ nù, wọ́n ní kò sí ẹ̀rí. Ṣebí ẹ ní ilé ẹjọ́ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn? Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀yin ará àdúgbò ńkọ́? Ẹ ò ṣe dá owó náà jọ? Họ́wù, ọ̀gá ń pín ẹran iléyá kárí ojúlé! Àǹtí nìkan ló dá tiẹ̀ padà. Ẹ ní, "Ìdíátù, ìwọ náà ti le jù. Ẹran ọdún kẹ̀!" Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá yẹn náà ló gbé màlúù wá síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Mo rí yín. Ẹ ń wúkọ́, ẹ ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ìjọba gbé ọ̀rọ̀ àyíká lé lọ́wọ́, ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n èéfín yẹn wà lọ́fíìsì yín. Owó orí àwọn bí Àǹtí lẹ fi rà á. Kí ló dé tí tálákà ń háyà ohun tó jẹ́ tiẹ̀? Mo fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó jókòó lé e lórí. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà wá sí Pápá Àjàó. Aṣọ Àǹtí ṣì wà lójú fèrèsé. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ mí.