Ògiri Tí Mummy Nù Mọ́

Òórùn bílíìsì ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ojú ń ta mí, mo sì rí Mummy lórí àga ní igun yàrá wa, hìjáábù tí wọ́n fi kírun àsùbáà ṣì wà lórí wọn, wọ́n ń fi àkísà nu ògiri. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu, òtútù Peckham nílùú òyìnbó ń wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún náà. Pálọ̀ ni àbúrò mi Jàmíù, ọmọ ọdún mẹ́rin, ń sùn nígbà náà, nítorí ikọ́ fée kì í jẹ́ kó mí dáadáa nínú yàrá yẹn. Ògiri ibẹ̀ ti bu, ó dúdú láti òkè títí dé ibi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Iṣẹ́ kílínà ni Mummy ń ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá ní Camberwell, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ṣeré. Mummy kọ́ mi pé kí n máa kán omi sára nǹkan kí n tó nù ún. Bí omi bá dúró lé e lórí, bíi ti táìlì tàbí gíláàsì, fi ọṣẹ nù ún, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ó bá fa omi náà mu, bíi pákó tí a kò kùn, kápẹ́ẹ̀tì tàbí ògiri, ojú rẹ̀ lásán lo nù. "Ohun tó bá ń mu omi ń mu ìdọ̀tí," ni wọ́n máa ń wí. Mummy mọ̀ pé páìpù kan ló ń jò lẹ́yìn ògiri wa, àfi kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n ha ògiri náà, kí wọ́n sì tún un rẹ́. Odindi oṣù mẹ́fà ni Mummy fi kọ lẹ́tà sí káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ tó ni ilé tí à ń gbé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkùnrin káńsù ń bọ̀ wá wò ó.

"Mummy, ṣebí black yẹn ni wọ́n fẹ́ wá wò?"

"Wọ́n á wò ó. Ṣùgbọ́n òyìnbó kankan ò ní wọlé mi kó bá ẹ̀gbin. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Oyá, go and brush."

Ọkùnrin náà dé, Mummy fún un ní tíì àti ṣinṣín. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó wo ìka rẹ̀.

"It was very black, sir," ni Mummy wí. "I only wiped it."

"Well, it looks fine now. You keep a lovely home."

Inú Mummy dùn sí ìyìn yẹn, mo rí i lójú wọn. Ẹ̀gbẹ́ wọ́dírọ́ọ̀bù ni mo dúró sí. Ọwọ́ wọn kò dé ẹ̀yìn rẹ̀, ibẹ̀ ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo la ẹnu. Mummy wò mí, irú ìwò tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Mo pa ẹnu mi dé. Ọkùnrin náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ògiri wa.

Jàmíù padà sí yàrá. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí dúdú náà tún jáde, tí èémí ọmọ náà sì há láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mummy ti lọ síbi iṣẹ́, aládùúgbò wa ló pe áńbúláǹsì. Ilé ìwòsàn tí Mummy ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé e lọ. Aṣọ iṣẹ́ ni Mummy fi sáré sọ̀kalẹ̀ wá bá wa, wọ́n jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. "Èmi ni mo nù ún," ni wọ́n ń wí ṣáá. Mo sunkún, ẹ̀rù bà mí, mo sì mọ̀ pé ẹjọ́ náà kan èmi pẹ̀lú. Jàmíù yè. Ó tó ọdún kan kí káńsù tó tún ògiri náà ṣe. Mi ò sọ ti ẹ̀yìn wọ́dírọ́ọ̀bù fún Mummy rí.

Èmi náà ti di ìyá ọmọ ní Lewisham báyìí. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ojú mi là ju ti Mummy lọ. Nígbà òtútù tó kọjá, ògiri kíṣìnì mi bu, mo ní kí onílé wá wò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ tí onílé fẹ́ wá, mo ti nu ìdajì ògiri kí n tó mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ ní Peckham gbọ́n jù mí lọ, ẹnu ni kò ní. Èmi ní ẹnu. Mo fi ìdajì tó kù han onílé, mo sì sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo rẹ̀ rí, ìtìjú ló jẹ́ kí n nu apá kejì.