Mo Ní Táíwò Mìíràn Ni Wọ́n Ń Wá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí n'Igbó-Ọrà mọ̀ pé ọdún kejì rèé tí Kẹ́hìndé, ìkejì mi, fún mi ní kíndìnrín rẹ̀ kan. Láti ìgbà náà ni mo ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ara mi le, mò ń tọ̀ dáadáa, mo ti padà sí kíláàsì mi.

Àfi bí nọ́ọ̀sì kan ṣe pè mí láti ọsíbítù n'Ìbàdàn. Ó ní èsì ẹ̀jẹ̀ tí mo fún wọn níjọ́sí ti jáde, pé àwọn sọ́jà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ń gbára jọ láti bá kíndìnrín náà jà. Mo bi í pé ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Ó ní rárá, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè bàjẹ́ láìpẹ́, kí n tètè máa bọ̀.

Ẹ gbọ́ o! Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n? Ṣé aríran ni wọ́n ni?

Olùkọ́ ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń mú ọmọ tó ń jíwèé wò, n kì í tètè gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ọkàn mi sọ pé èsì ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún mi. Bí a bá ju òkò sínú ọjà n'Igbó-Ọrà, Táíwò kan ni yóò bà, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń lọ sí ọsíbítù yẹn! Mo ní Táíwò mìíràn ni wọ́n ń wá. Nígbà tí wọ́n tún pè, n kò gbé e.

Màmá wa, Ìyá Ìbejì, fura jù mí lọ. Wọ́n ní ẹni méjì tó jọ sùn nínú ikùn kan ṣoṣo, ta ni yóò lé ìkejì rẹ̀ síta? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé oògùn tí mò ń lò láràárọ̀ kí ara má baà kọ kíndìnrín náà kò nítumọ̀, torí ara kan náà ni èmi àti Kẹ́hìndé.

Kẹ́hìndé nìkan ni kò dá sí i. Ó kàn wá láti Èrúwà níjọ́ kan, ó ní kí n wọ bàtà. A bọ́ sínú ọkọ̀, ó di Ìbàdàn.

Èmi lọ mú wọn ni! Nígbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi, ojú mi ò kúrò lára ìgò náà. Èmi fúnra mi ni mo kọ orúkọ mi àti ti bàbá mi sí i lára, mo sì tẹ̀ lé ẹni tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà láàbù. Kẹ́hìndé ń wò mí, kò rẹ́rìn-ín.

Èsì kejì jáde. Ohun kan náà ni.

Dókítà ṣàlàyé pé èmi obìnrin, Kẹ́hìndé ọkùnrin, irú ìbejì bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọmọ ìyá lásán. Ẹ̀jẹ̀ mi mọ̀ pé àlejò ni kíndìnrín yẹn, oògùn ni kì í jẹ́ kó bá àlejò jà. Ó wá rọra bi mí bóyá mò ń lo oògùn mi pé.

Mo fẹ́ bínú. Mo ṣíjú, mo rí i pé Kẹ́hìndé ti dojú kọ mí. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń lo ìlàjì oògùn, torí ọ̀rọ̀ Màmá ti wọ̀ mí létí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo fura sí nọ́ọ̀sì, sí láàbù, sí dókítà, n kò fura sí ara mi!

Mo jẹ́wọ́. Kẹ́hìndé ní, "Táyé, èyí tó kù lára mi, òun ni mo fi wà láàyè. N ò ní òmíràn tí mo lè fún ẹ."

Ojú tì mí débi pé mo sunkún níwájú dókítà.

Wọ́n dá mi dúró, wọ́n tọ́jú mi. Kíndìnrín náà ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò ṣèlérí iye ọdún kankan fún mi. Dókítà ní ká ní mo dúró dìgbà tí ara bá ń ro mí ni, ẹ̀pa ì bá má bóró mọ́.

Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi wo ara yín. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti dín oògùn kù láìsọ fún dókítà rí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, n ò ní bú yín. Àmọ́ kẹ́ ẹ sòótọ́ o, Kẹ́hìndé máa kà á.