Àbúrò Mi Tí Ojú Rẹ̀ Kì Í Dúró

Àbúrò mi obìnrin kò sunkún nígbà tí wọ́n bí i. Ọ̀nà oko Òmù ni ìrọbí ti mú ìyá wa, ìrọbí náà sì pẹ́ jù. Wọ́n lu ọmọ náà nídìí, wọ́n da omi tútù sí i lára, kí ó tó mí.

Kí ó tó lè jókòó, a ti rí i pé ojú rẹ̀ méjèèjì ń sáré lọ sápá òsì, ó ń sáré bọ̀ sápá ọ̀tún, kì í sinmi.

Ìyá bàbá wa bi í pé, “Kí lo ń wá kiri nínú ulé yìí?” Ó gbé ẹní ọmọ náà sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan níbẹ̀.

Bàbá wa kó wa wọ lọ́rì lọ sílé ìwòsàn. Dókítà tan iná sí i lójú, ó ní, “Ojú kò lárùn. Ọpọlọ rẹ̀ ló farapa nígbà tí kò tètè mí. Òun ló ń mi ojú náà.”

Bàbá wa bi í pé, “Ṣé yóò dúró?”

“Ó lè má dúró.”

“Ṣé ó ń ríran?”

“Ó ń ríran.”

Bàbá wa dúpẹ́. Ìyá wa sunkún títí a fi dé Ìfàkì, ó wá nu ojú, ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún wa.

Ó pẹ́ kí àbúrò mi tó rìn. Nígbà tó dé iléèwé, tíṣà ní, “Wò mí dáadáa!”

“Mò ń wò yín, sà.”

“Dúró jẹ́ẹ́!”

“Mo dúró, sà. Ojú mi ni kò dúró.”

Wọ́n nà án. Lọ́jọ́ kejì, bàbá wa lọ ṣàlàyé fún tíṣà. Ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ọmọ náà máa yí orí sápá ọ̀tún, torí a ti rí i nílé pé bó bá wòran báyẹn, ojú rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ díẹ̀. Tíṣà gbà. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Ó ti di ọmọge nígbà tí wọ́n ní kó ka Bíbélì níbi ìkórè. Ó yí orí sápá ọ̀tún, ó kà á láìṣìṣe. Lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan tó jókòó lápá òsì àbúrò mi wá bá ìyá wa, inú ń bí i.

“Kí la ṣe fún ọmọ yín? Kò wo ọ̀dọ̀ tiwa rárá.”

Ìyá wa ní kó má bínú. Inú ìyá wa dùn títí a fi délé: obìnrin náà kò mọ̀ rárá pé ojú ọmọ rẹ̀ kì í dúró.