Bí Mo Ṣe Díyelé Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà ní Ìbàràpá

Iṣẹ́ tàípíìsì ni mo ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Èrúwà kí wọ́n tó dín òṣìṣẹ́ kù. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tẹ tàípíràítà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín lẹ́tà fún wa, ọ̀pọ̀ nínú àwa obìnrin ló sọkún. Èmi ò ráyè sọkún. Àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé ni, owó oṣù tíṣà tí bàbá wọn ń gbà kì í sì í dé lásìkò. Ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú tiwa. Mo mú owó tí wọ́n fún wa nígbà tí wọ́n dá wa dúró, mo fi lọ kọ́ṣẹ́ n'Ìbàdàn. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ń wọ mọ́tò àárọ̀ lọ tí mo ń wọ ti ìrọ̀lẹ́ bọ̀. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú kọ̀ǹpútà palẹ̀ tí wọ́n ń tò ó padà, mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń so púpọ̀ wọn pọ̀ kí iṣẹ́ lè máa ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ohun tí ọ̀gá mi ò kọ́ mi ni iye tó yẹ kí n máa gbà.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gbéṣẹ́ fún mi ni Alájì kan tó dá ilé ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà. Ó ti ra kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́fà láti Èkó, ó sì fẹ́ kí n so wọ́n pọ̀ nínú yàrá kan, kí gbogbo wọn lè máa lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo. Láyé ìgbà yẹn, okùn dúdú kan tó jọ ti àńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n la fi ń ṣe é. Okùn náà á ti ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí ẹ̀yìn èkejì títí tó fi máa dé ìdí èyí tó gbẹ̀yìn. Bí oríkèé kan ṣoṣo bá tú lára rẹ̀, gbogbo wọn á yadi.

Alájì wò mí látòkè délẹ̀. "Ìyá Ìbejì, èló lẹ máa gbà?"

Mo wo agbádá ọrùn rẹ̀, mo wo bàtà ẹsẹ̀ tèmi tí eruku ti bò, mo ní, "Alájì, ẹ fún mi ní ẹgbẹ̀rún kan náírà."

Kò ná mi rárá. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó là mí lójú.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, iná lọ láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló tó dé, orí bẹ́ǹṣì akẹ́kọ̀ọ́ ni mo sì jókòó sí tí mò ń retí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, okùn ò tó. Mo wọkọ̀ lọ Ìbàdàn lọ ra sí i, àpò ara mi ni mo sì ti yọ owó rẹ̀, torí ojú ń tì mí láti sọ fún Alájì pé mo ṣi ìwọ̀n yàrá náà wò. Nígbà tí kọ̀ǹpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jí lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tíṣà pàtẹ́wọ́, inú mi dùn. Mo délé, mo yọ owó mọ́tò, mo yọ owó okùn. Èyí tó kù lè ra bàtà fún ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi, kò lè ra ti èkejì.

Kò sì tán síbẹ̀. Ọmọ ilé ìwé á fẹsẹ̀ kọ́ okùn, gbogbo ẹ̀rọ á dákẹ́, Alájì á ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lọ tún un ṣe ní táàmù yẹn nìkan, láìgba kọ́bọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀keje, bí mo ṣe ṣe tán, mi ò dorí kọ ilé. Mo kọjá sí Ìdèrè lọ́dọ̀ ìyá mi.

Gàrí ni ìyá mi ń yan látìgbà tí mo ti gbọ́njú mọ̀ ọ́n. Mo bá a nídìí òkìtì ẹ̀gẹ́, ó ń bó o. Ó wo ojú mi, ó bi mí pé kí ló dé. Mo rojọ́ fún un. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó ní kí n sọ gbogbo ohun tí mo ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lo kọ́kọ́ ṣe?"

"Mo lọ wo yàrá náà."

Ó mú ẹ̀gẹ́ kan, ó gbé e sọ́tọ̀. "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń gbé ẹ̀gẹ́ sọ́tọ̀: ìrìn Ìbàdàn, ìjókòó de iná, okùn fífà, ìpadàlọ kìn-ín-ní, ìpadàlọ kejì. Nígbà tí mo sọ tán, ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti di òkìtì kékeré.

"Mélòó ni Alájì sanwó rẹ̀ níbẹ̀?"

Mo nawọ́ sí mẹ́ta.

"Ìwọ ò tajà," ó ní. "Sàráà lo ṣe. Sàráà dáa, Ọlọ́hun á san ọ́ lẹ́san. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe sàráà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé sàráà lòun ń ṣe. Èmi kì í wo ojú oníbàárà kí n tó díyelé gàrí. Mo máa ń ka ẹ̀gẹ́, mo máa ń ka igi ìdáná, mo máa ń ka owó ẹ̀rọ, mo sì máa ń ka ẹ̀yìn mi tó ń ro mí."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbé tàípíràítà mi sórí tábìlì, mo tẹ iye iṣẹ́ mi sórí ìwé kan. Owó ìbẹ̀wò wà lọ́tọ̀, iye orí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀, owó wákàtí tí mo bá fi jókòó de iná náà wà lọ́tọ̀. Oníṣẹ́, ìyẹn ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi, ló máa ra okùn fúnra rẹ̀, màá kàn sọ irú èyí tó máa rà. Bí mo bá kúrò níbẹ̀ tí ohun kan bàjẹ́ nítorí àṣìṣe tèmi, màá padà wá tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọmọ ló fà á tú, wọ́n á sanwó. Iye kan náà ni fún olówó àti mẹ̀kúnnù. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ṣòro fún mi jù láti tẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbé ìwé náà fún ni dókítà kan tó ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ ní Èrúwà. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ni tirẹ̀. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin tí ọkọ ń bọ́! Kí lẹ fẹ́ fi gbogbo owó yìí ṣe?"

"Sà, okùn ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ló fà á tàbí obìnrin."

"Ẹ gba ìdajì."

"Rárá, sà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dín kù, ẹ jẹ́ ká so méjì pọ̀ báyìí, ká fi méjì tó kù sílẹ̀ dìgbà mìíràn."

Kò gbà. Mo ká ìwé mi, mo kí i, mo jáde. Mo rìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ títí mo fi yà sí kọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti tún ìwé náà tú, tí mo ka iye inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lọ́sẹ̀ kejì mo gbọ́ pé ọkùnrin kan láti Ìgbó-Ọrà ti wá gba ìdajì yẹn ṣe é. Ọkọ mi ní, "Ìdajì ò sàn ju òfo lọ ni?" Mo ní, "Ìdajì yẹn gan-an ni òfo, ẹ jẹ́ kí n ka iye rẹ̀ fún yín." Mo kà á. Síbẹ̀, oṣù mẹ́ta kọjá tí ẹnikẹ́ni ò gbéṣẹ́ fún mi. Iṣẹ́ àṣekágbá àwọn ọmọ Pólì ni mo ń tẹ̀ tá a fi ń jẹun. Ìwé iye iṣẹ́ mi wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò ya á.

Nígbà tó yá, mo rò ó pé ẹni tó ń gba ìdajì yìí, bóyá ó ní ọgbọ́n kan tí èmi ò ní. Mo wọkọ̀ lọ Ìgbó-Ọrà, mo gun ọ̀kadà, mo béèrè títí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìjà ni mo gbé sọ́kàn lọ. Mo bá a lórí àpótí, ó ń fi eyín bó ara okùn, ojú rẹ̀ pọ́n, kò jọ ẹni tó sùn. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́.

"Ẹ̀yin náà nìyẹn!" ó ní. "Ẹ̀rù yín ló ń bà mí. Mo rò pé bí mi ò bá gba ìdajì, ẹ̀yin lẹ máa gba gbogbo rẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti padà lọ sọ́dọ̀ dókítà?"

Ó sọ okùn sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹjọ, Àǹtí. Owó yẹn ti tán látìgbà ìpadàlọ kẹrin."

Ìjà tí mo gbé wá tán lọ́kàn mi. Mo gbé ìwé mi fún un. Ó kà á dáadáa, ó sì bá mi jiyàn lórí ohun kan: mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé oníṣẹ́ á sanwó wákàtí tí mo bá fi jókòó de iná. "Àǹtí, ìyẹn ò tọ́. Ṣé oníṣẹ́ ló mú iná lọ ni?" Mo kọ́kọ́ binú. Lẹ́yìn náà mo rí i pé òótọ́ ló sọ. A wá fi í sí i pé bí iná ò bá dé títí di ọ̀sán, a ó padà sílé, owó mọ́tò nìkan la ó sì gbà. Mo tẹ ìwé mìíràn, àwa méjèèjì buwọ́ lù ú.

Kò pẹ́ tí Alájì fi ra kọ̀ǹpútà mẹ́fà sí i. Ó ránṣẹ́ pè mí, ó wo iye tuntun náà, ó mi orí.

"Ìyá Ìbejì, ẹnìkejì yín tó wà nílùú wa níbí ti sọ fún mi pé òun máa gba iye tó kéré sí èyí."

Kò sí fóònù tí mo lè fi bi í. Ó rọrùn láti ní kí n dín in kù, kí iṣẹ́ má bọ́. Mo ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Alájì, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ó mọṣẹ́."

Gbogbo ọ̀nà ilé ni mo fi ń ro ó bóyá ó ti dà mí. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kadà gbé e dé ẹnu ọ̀nà mi ní Èrúwà. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Àǹtí, ṣé lóòótọ́ lẹ sọ fún Alájì pé ẹ máa gba iye tó kéré sí tiwa?" Mo wò ó. Òun náà wò mí. Ẹ̀rín tá a rín lọ́jọ́ yẹn, ọkọ mi sáré jáde wá wò ó.

"Kí lẹ dá a lóhùn?" mo bi í.

"Mo ní kó jẹ́ kí ẹ ṣe é. Mo ní ẹ mọṣẹ́."

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Alájì gbéṣẹ́ náà fún àwa méjèèjì ní iye tó wà nínú ìwé. Okùn tó rà fúnra rẹ̀ tó, iná sì ṣàánú wa, ọjọ́ méjì la fi parí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, gbogbo kọ̀ǹpútà náà dákẹ́. Mo lọ. Mo tọ okùn náà láti oríkèé dé oríkèé, mo sì rí i pé kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọ kankan. Èmi ni mi ò dè é le. Kò sẹ́nì kankan nínú yàrá náà tí ì bá mọ̀ ọ́n.

"Alájì, àṣìṣe tèmi ni," mo ní. Mo tún un ṣe. Ó na owó mọ́tò sí mi, mi ò gbà á. Ó yọ ìwé wa látinú àpò agbádá rẹ̀, ó wọ awò ojú, ó wá ibi tá a kọ ọ́ sí, ó kà á jáde ketekete, ó sì ká ìwé náà padà sápò.

Láti ọjọ́ yẹn títí tí okùn dúdú yẹn fi kógbá sílé, Alájì ò ná wa mọ́. Dókítà náà pè wá lẹ́yìn ọdún kan, ó san iye tó wà nínú ìwé. Nígbàkígbà tí náírà bá já wálẹ̀, àwa méjèèjì á jókòó ní Èrúwà tàbí ní Ìgbó-Ọrà, a ó jiyàn, a ó tẹ òmíràn. Mi ò di olówó nídìí iṣẹ́ náà. Àwọn ìbejì mi jáde ìwé mẹ́wàá, nígbà tí mo bá sì fẹ́ dárúkọ iye iṣẹ́ mi, mi ò wo agbádá ẹnikẹ́ni mọ́.