Orin Ẹ̀kùrọ́ Tí Kò Fẹ́ Tán

Mo rántí ìgbà tí ìró òkúta lórí ẹ̀kùrọ́ kọ́kọ́ dún létí mi bí orin. Ọ̀sán Sátidé kan ni, ní abúlé wa lẹ́bàá Akínyẹlé, ní nǹkan bí ọdún 1991. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ orin jáde ní yunifásítì, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí Alakia, níbi tí bàálù ti máa ń fò kọjá lórí òrùlé kíláàsì, tí gbogbo wa á sì dákẹ́ títí ariwo rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀, mo máa ń lọ sọ́dọ̀ bàbá mi, olùkọ́ ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà abúlé wa. Àwọn ló kọ́ mi ní dùùrù. Lójú tiwọn, orin tó bá ní láárí gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ mẹ́rin, kí Àmín sì gbẹ̀yìn rẹ̀.

Èmi ti gbọ́ pé àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń fi ìró omi, ìró irin, àti ìdákẹ́jẹ́ pàápàá kọ orin. Ọ̀rọ̀ náà sì gùn mí. Mo gé irun mi mọ́lẹ̀, mo ń wọ awò tí ojú mi kò nílò, mo sì ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé orin àtijọ́ ti kú. Nígbà tí olùkọ́ mi kan ránṣẹ́ pé kí àwa ọ̀dọ́ gbé orin tuntun wá sí gbọ̀ngàn yunifásítì n'Íbàdàn, pé ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni wọn yóò rán lọ kàwé sí i lókè òkun, mo ti mọ ohun tí n óo ṣe. Mo lọ bá Ìyá Ẹlẹ́kùrọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, níbi tí àwọn àti obìnrin mẹ́rin ti ń pa ẹ̀kùrọ́ lábẹ́ igi máńgòrò.

"Ìyá, ẹ máa pa ẹ̀kùrọ́ yín níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé, àwọn akọrin ilé-ẹ̀kọ́ mi á sì máa kọrin lé e."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Àwọn ọ̀mọ̀wé yìí ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀kùrọ́ rí ni?" Ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi rán ọ lọ kọ́ orin," ni wọ́n wí. "Ṣé ariwo òkúta lo kọ́ bọ̀? N kò ní í bá ọ débẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, mo kàn ń ṣe bí ẹni pé kò dùn mí ni.

Ìdánrawò wa kò rọrùn. Mo ní kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lójú ibì kan, Ìyá Ẹlẹ́kùrọ́ sì bi mí léèrè pé, "Ta ló kú?"

Lọ́jọ́ tí a lọ sí gbọ̀ngàn náà, àwọn ìyá tẹ́ àpò sílẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn jànkànjànkàn, wọ́n sì gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀kùrọ́ kalẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀kùrọ́ kan ta sí itan ọ̀jọ̀gbọ́n tó jókòó níwájú, ó mú un, ó sì rọra sọ ọ́ padà sínú apẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo kọ orin náà fún. Nígbà tó pé, mo gbé ọwọ́ sókè, àwọn akọrin dákẹ́ wẹ́lo. Àwọn ẹlẹ́kùrọ́ kò dákẹ́. Mo tún gbé ọwọ́ sókè. Ìyá Ẹlẹ́kùrọ́ wojú mi, wọ́n sì sọ ọ́ ketekete pé, "Ó ṣì kù nínú apẹ̀rẹ̀. A kì í pa ẹ̀kùrọ́ kù kí á dìde."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo rò ó pé kí n sá jáde. Àfi bí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ṣe rọra dá orin iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Àwọn akọrin mi gbè é láìdúró gba àṣẹ, wọ́n ń yí i síhìn-ín, wọ́n ń yí i sọ́hùn-ún. Mo gbé ọ̀pá ìdarí sílẹ̀, mo jókòó sórí àpò, mo mú òkúta. Ẹ̀rín rọlẹ̀. Ó tó ìdajì wákàtí kí ẹ̀kùrọ́ tó tán. Ìyá Ẹlẹ́kùrọ́ gbọn èèpo ẹ̀kùrọ́ kúrò lára ìró wọn, wọ́n ní, "Ó tán." Gbogbo èrò sì dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Wọn kò yàn mí. Ọkùnrin kan tí orin rẹ̀ gún régé ni wọ́n yàn. Ṣùgbọ́n obìnrin kan láti ilé iṣẹ́ rédíò ti gba tèmi sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì, ó sì béèrè bí mo ṣe ronú kan irú ìparí bẹ́ẹ̀. Mo la ẹnu láti purọ́. Ìyá Ẹlẹ́kùrọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ní, "Àwọn ìyá yìí ló ronú rẹ̀."

Níta, mo bá bàbá mi, wọ́n wọ kóòtù ọjọ́ ìsinmi wọn.

"Ẹ ní ẹ ò ní í wá."

"Mo ní n kò ní í bá ọ wá. N kò sọ pé n kò ní í dá wá." Wọ́n wúkọ́. "Orin rẹ gùn ju ìwàásù mi lọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò sùn."

Kásẹ́ẹ̀tì obìnrin rédíò yẹn rìn jìnnà jù mí lọ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé ìpè kìíní dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó gbọ́ ọ lókè òkun, pé kí n wá kọ orin, òmíràn sì tẹ̀ lé e, bí mo ṣe di ẹni tí ń jẹun nídìí orin kíkọ nìyẹn. Àwọn orin mi kan dára, àwọn kan wà tí èmi gan-an kì í fẹ́ gbọ́. Bàbá mi àti Ìyá Ẹlẹ́kùrọ́ ti sinmi. Ní òwúrọ̀, nílé mi ní Ọlọ́runṣògo, n kì í tètè mú bírò mọ́. Mo máa ń ṣí fèrèsé, kí n jókòó, kí ẹ̀rọ ìlọta àti àwọn ọmọ tó ń lọ síléèwé sọ tiwọn tán. Lẹ́yìn náà ni n óo wá wò ó bóyá ó ku ohun tí èmi fẹ́ sọ.