Ewé Lóríta Òkè Ọ̀kà

Bí mo bá rí ewé tútù lóríta, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ kan ni mo máa ń rántí. Tí a bá ń gun òkè Ọ̀kà, òun ló máa ń ṣáájú. Á já ewé, á fi dí ọ̀nà tó lè mú wa ṣìnà. "Ẹ ṣáà máa wo ewé," ìyẹn nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ.

Lọ́jọ́ tí mo mú àfẹ́sọ́nà mi wá láti Ìkàrẹ́, àwọn méjèèjì ṣáájú, wọ́n ní kí n máa gbé oúnjẹ bọ̀. Kùrukùru bo òkè. Mo dé oríta, èmi dìndìnrìn wo ewé, mo gba ọ̀nà kejì. Díẹ̀ ló kù kí n já bọ́ láti orí àpáta. Mo pè wọ́n títí. Ẹ̀rín wọn ni mo ń gbọ́, láti ọ̀nà tó fi ewé dí.