Ẹja Tó Gba Ààwẹ̀

Ní Ìwó, bí ẹja inú gíláàsì bá ń ṣàìsàn, Fàtímọ̀ Rájí ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Kì í ṣe dókítà. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ lọ́nà Ilé-Ogbó, ojú ló sì fi kọ́ ohun tó mọ̀.

Àlùfáà Shamsudeen ló ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ tí à ń wí yìí. Ṣẹ̀fíátù, ìyàwó wọn tó ti dolóògbé, fi ẹja pupa méjì sílẹ̀. Ọ̀kan ti kú. Èkejì rù kan eegun, ìgbẹ́ rẹ̀ funfun, ó ń wọ́ tẹ̀lé e bí òwú. Fàtímọ̀ kúnlẹ̀ kí bàbá, ó wo ẹja náà títí, ó ní aràn ni. Bàbá ní àwọn náà fura bẹ́ẹ̀, àwọn sì ti da oògùn aràn sínú omi lẹ́ẹ̀mẹta. Ta ni yóò bá wọn wí? Ẹni tó ti ń fọ ọ̀rọ̀ Kùránì ara wàláà fún aláìsàn mu láti ogójì ọdún, omi náà ni yóò kọ́kọ́ rò.

"Ẹ má bínú, Bàbá," Fàtímọ̀ wí. "Inú omi ló ń gbé lóòótọ́, àmọ́ kì í mu ún bí tiwa. Inú oúnjẹ loògùn máa gbà dé ọ̀dọ̀ aràn."

"Àṣé òùngbẹ kì í gbẹ ẹ́?" Bàbá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ẹja kìíní ti kú.

Fàtímọ̀ pààrọ̀ ìdajì omi, ó ní kí ẹja má jẹun dọjọ́ kejì, kí ebi lè jẹ́ kó gba oògùn kíkorò. Bàbá ní bí ó bá jẹ́ ti ààwẹ̀, ó ti délé tó mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, Fàtímọ̀ wọn oògùn, ó pò ó mọ́ oúnjẹ ẹja, omi aáyù àti ẹyin díẹ̀, ó sá a gbẹ, ó gé e wẹ́wẹ́ bí ìrẹsì. Ó ju ẹyọ kan sómi. Ẹja gbé e, ó tu ú. Bàbá fọwọ́ lẹ́rán. Fàtímọ̀ ò kánjú. Ó yọ èyí tó tu kúrò kó má ba omi jẹ́, ó fi aáyù kún ìyókù, ó dúró kó gbẹ, ó tún jù ú. Ẹja gbé e. Ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó gbé e mì.

Àárọ̀ mẹ́fà sí i ni Fàtímọ̀ wá. Nígbà tó fi di ọjọ́ keje oògùn, ìgbẹ́ ẹja ti dúdú, kò wọ́ mọ́. Bàbá ṣe àlùhámúdù, wọ́n fẹ́ kó oògùn dànù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ó ku ẹ̀ẹ̀kan," Fàtímọ̀ wí. "Oògùn yìí pa aràn, kò pa ẹyin rẹ̀. Ẹyin náà á di aràn; ọ̀sẹ̀ méjì òní la ó tún un ṣe."

Bàbá mú gègé tí wọ́n fi ń kọ wàláà, wọ́n kọ ọjọ́ náà sára ògiri.